Táyé Kì í Yó, Kẹ́hìndé Kì í Jẹ

Ṣílè mẹ́ta ni abọ́ onírin funfun kékeré méjì, èyí tó ní òdòdó pupa létí. Ẹyọ kan ńkọ́? N kì í ta ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe ń kó o wá láti Èkó nìyẹn, méjì méjì, òdòdó wọn bára mu. Ẹni tó bá ra ọ̀kan kúrò níbẹ̀ ti sọ èkejì di opó. Bí àpọ́n kan bá wá sọ fún mi pé òun nìkan lòun ń jẹun, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ fẹ́ ìyàwó kó padà wá. Gbogbo ìyá ìbejì láti Ìkòsí títí dé Ogùdù ló ń wá rajà ní ìsọ̀ mi ní Kétu, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, nítorí ẹ mọ àṣà wa: ohun tí Táyé bá gbà, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ gba irú rẹ̀. Mo mọ àṣà náà dáadáa. Èmi náà bí ìbejì, àṣà yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ mi.

Ìwé kejì ni mo kà dé kí owó bàbá mi tó tán. Bí kíkọ mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni obìnrin kan tó yà sí ìsọ̀ mi lóṣù tó kọjá, tó gbé ọmọ kan sẹ́yìn tó tóbi bí àpò gàrí. Ó ń sunkún pé gbogbo ilé ọkọ òun ló ní òun ló ba ọmọ náà jẹ́. Mo ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ gùn ju ọjà lọ, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ fún àwọn yòókù tó wà nínú irú rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo bí àwọn ọmọbìnrin mi, Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ó dúdú, itan rẹ̀ kún. Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, ó pupa, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá síbi òde. Táyé á fa ọmú ọ̀tún gbẹ, á máa wo tòsì. Kẹ́hìndé á fà á díẹ̀, á sùn lọ. Èmi ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo ní ọ̀kan wá jẹun láyé, èkejì kàn sìn ín wá ni.

Nígbà tí mo já wọn lẹ́nu ọmú, mo fún wọn ní abọ́ méjì láti inú ọjà mi. Nítorí pé èmi ni mo ń tà á, àwọn tó tóbi ni mo mú. Mo ń bu oúnjẹ sí méjèèjì dọ́gba, ẹ lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Táyé á jẹ tirẹ̀ tán, á fi ìka nu abọ́, á lá ìka, á wá máa wo abọ́ Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé á jẹ òkèlè díẹ̀, á ti abọ́ rẹ̀ sí i láìsọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ méjì ṣe ń wọ ikùn kan.

Àìsàn yìí kò gba ẹnu ọ̀nà àìsàn wọlé. Ẹwà ló gbé wọ̀ bí aṣọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìlà bí ẹni tó fi okùn so ó. Ẹni tó bá kọjá á fún un lẹ́rẹ̀kẹ́ pọ́, á ní, "Ẹ wo ọmọ! Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o!" wọn á sì fi àkàrà lé e lọ́wọ́. Wọ́n á wá wo Kẹ́hìndé. "Èyí ńkọ́? Ṣé ẹ bí i ni, àbí ẹ yá a?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá irú wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fún ọmọ yín lẹ́rẹ̀kẹ́ lónìí, òun náà ló máa bú yín lọ́la.

Nígbà tí wọ́n lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Táyé kò lè gun òkè ìsọ̀ mi mọ́ láìmí hẹlẹ. Bó bá sùn, ìhanrun rẹ̀ dà bíi ayùn bàbá rẹ̀ nínú pákó, torí káfíńtà ni ọkọ mi. Ó tún wá ń sùn lọ́sàn-án, lórí ìjókòó, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo nà án. Bó ṣe ń sunkún ló ń bi mí pé, "Màámi, ṣé ó ṣì kù nínú ìkòkò?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan, ó jókòó tì mí lórí àpótí, iṣu sísun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń hanrun. Èmi ń bá obìnrin kan jà lórí owó ìkòkò. Mo gbọ́ tí ìhanrun náà dákẹ́. Mo yíjú. Orí Táyé ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni tó lá aró, àyà rẹ̀ kò gbéra. Mo gbá a létí, mo gbá a lẹ́yìn, mo ké orúkọ rẹ̀ títí gbogbo ọjà fi dúró. Ó mí gbùùrù bí ẹni tó yọ lójú omi, ó lajú, ó sì gbé iṣu náà sẹ́nu. Obìnrin tí mo ń bá jà ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó gbé ìkòkò náà lọ nínú ẹkún ọ̀hún. Kò tíì san owó rẹ̀ di òní.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ lọ́rì àkọ́kọ́ tó ti Ìkòròdú bọ̀, a forí lé ọsibítù ìjọba l'Ékòó. Ọmọ ọkọ̀ wo Táyé, ó ní owó èrò méjì ni.

Mo ní, "Ṣé ẹ máa fún un ní ìjókòó méjì?"

Ó ní, "Ìjókòó ti kún, màmá."

"Ṣé ó máa sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba owó èrò kan.

Ní ọsibítù, bẹ́ǹṣì gígùn la jókòó lé. Bí ẹni iwájú bá dìde, gbogbo wa á fìdí wọ́ síwájú. Aṣọ ìró mi ti nu bẹ́ǹṣì náà mọ́ tónítóní kí a tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo Táyé láti orí dé ẹsẹ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń fún ọmọ yìí jẹ?"

"Ohun tí mò ń fún ìkejì rẹ̀ ni."

"Ìkejì rẹ̀ dà?"

"Ó wà nílé. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́."

Ó wò mí bí ẹni tó ń purọ́. "Ẹ̀ ń sin ọmọ bí ẹlẹ́dẹ̀ ọdún Kérésìmesì."

Mo ní, "Ilé mùsùlùmí la ti wá o, sístà. Bó bá ṣe pé àgbò lẹ pè é, ǹ bá gbà."

Dókítà òyìnbó gbé nǹkan sí àyà Táyé, ó gbọ́ ohun tó gbọ́, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: kí n gé oúnjẹ ọmọ náà sí ààbọ̀, ọ̀rá ti há àyà rẹ̀ mọ́. Bí n kò bá ṣe é, lọ́jọ́ kan ọmọ náà á sùn, kò ní jí. Ìyẹn la fi odidi ọjọ́ nu bẹ́ǹṣì sí.

Ìyá ọkọ mi ń dúró dè mí nílé. Ìyá Àgbóyì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí Àgbóyì létí omi ni wọ́n ń gbé, ẹja ni wọ́n ń tà. Obìnrin ńlá ni wọ́n. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn èrò yòókù á lọ jókòó sí apá kejì kó má baà dojú dé. Mo sọ ohun tí dókítà wí.

"Kí o gé ti Táyé," wọ́n ní, "kí Kẹ́hìndé máa jẹ odidi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Táyé ló ń ṣàìsàn."

"Ìyàwó, ìbejì lo bí, kì í ṣe ewúrẹ́. A kì í rẹ́ ọ̀kan jẹ. Bó bá bínú, ibi tó ti wá kò jìnnà. Bí o bá gé ti ọ̀kan, gé ti èkejì."

Mo ní Kẹ́hìndé kò ní ohun tí wọn ó gé lára rẹ̀. Mo wo ojú ọkọ mi. Ọkùnrin yìí lè bá pákó ìrókò jà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti fọhùn, ó ti di ìyẹ̀fun pákó. Ó ní, "Ohun tí Ìyá bá sọ ni." Wọ́n sì gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin tì mí, kó máa wò mí bí mo bá ń bu oúnjẹ. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé kò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ, Eyínmẹ́nugún ni mò ń pè é. Òótọ́ ni, eyín náà gún ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń gba ibẹ̀ jáde ni kò gún.

Báyìí la gé oúnjẹ ọmọ méjèèjì sí ààbọ̀. Ẹ wo bó ṣe lọ. Táyé kò jókòó ti ààbọ̀ tirẹ̀. Ó jẹ láfún tí wọ́n sá sórí ẹní. Ó jẹ gàrí gbígbẹ títí ó fi há a lọ́fun. Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa se sítáàṣì fún iṣẹ́ rẹ̀, kó tó fi iná sínú ayọ́nù, Táyé ti lá ìkòkò. Ọkùnrin náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọmọ yín ti jẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo akọ̀wé Kétu." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹkún ni.

Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ààbọ̀ tí wọ́n bá fún un, ó jẹ ààbọ̀ rẹ̀, ó fi èyí tó kù fún Táyé. Kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, irun rẹ̀ ti pọ́n bíi ti orí àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo rò pé ó ń sanra. Ìgbà tí mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ihò náà kò kún padà ni mo gbé e sẹ́yìn, mo di Táyé lọ́wọ́ mú, n kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ǹṣì kan náà. Nọ́ọ̀sì kan náà. Ó wo Kẹ́hìndé.

"Ṣé ẹ kì í fún èyí lóúnjẹ ni, màmá?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn. Lọ́jọ́ náà, ebi ni mo fi ń pa ọmọ. Obìnrin kan náà, ìkòkò kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ méjì. Mo gbé Táyé síwájú rẹ̀. Mo ní, "Sístà, èyí tí mo fún jù rèé, èyí tí mi ò fún rèé. Ẹ yàn, èwo ni kí n jẹ̀bi rẹ̀ lónìí?"

Ó lọ pe dókítà mìíràn, ọmọ ilẹ̀ wa, àgbàlagbà tó ti hewú. Bàbá náà jókòó, ó wo àwọn ọmọ náà títí.

"Ṣé bàbá kan náà ló bí wọn?"

"Dókítà! Inú kan, ọjọ́ kan! Ṣé ẹ rò pé mo sáré lọ yá bàbá míì kí èkejì tó jáde ni?"

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ta ni wọ́n jọ nínú ilé?" Ó wá là á fún mi. Ó ní ìbejì tí kò jọra, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni wọ́n, wọ́n kàn jọ wọ ọkọ̀ kan wá ni. Olúkúlùkù wọn ló bu ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti bàbá. Ọ̀kan lè bu àwọ̀, kí èkejì bu ohùn. "Èyí," ó fọwọ́ kan orí Táyé, "ebi ló bù."

"Ebi?"

"Àwọn kan wà tí ara wọn kì í sọ fún wọn pé ó tó. Kì í ṣe wọ̀bìà, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan náà wà bí èyí tó pupa yìí, òkèlè díẹ̀, wọ́n ti yó. Ẹ má pín oúnjẹ wọn dọ́gba mọ́. Ẹ fún olúkúlùkù ní ti ara rẹ̀. Ẹ sì wá ẹni tó rí bíi Táyé nínú ẹbí, ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́, dókítà?"

"Kò sí."

"Kò sí?"

"Kò sí, Ìyá Ìbejì."

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn á fẹ́ kí wọ́n fún òun ní ìgò kan, kódà bó jẹ́ omi aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, kó lè rí nǹkan gbé délé.

Wọ́n dá Kẹ́hìndé dúró sí ọsibítù. Mílíìkì ni wọ́n ń fún un, díẹ̀díẹ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, ìsọ̀ mi wà ní títì, ẹlòmíì ń ta abọ́ fún àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, mo dé ilé, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kò yẹ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ìyá Àgbóyì dìde. "Ẹ̀jẹ̀ wa? Ẹ̀jẹ̀ wa ló bàjẹ́? Ìwọ tí o kò mọ bí a ti ń tọ́jú ìbejì, ẹ̀jẹ̀ wa lo wá rí?"

Mo wo ìdí wọn, mo wo apá wọn, mo wo Táyé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ìyàwó wo ló máa kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ kó bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà kì í yó ni?" Mo gbé e mì.

Eyínmẹ́nugún ló wá sọ èyí tó burú jù. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò fara sin, Táyé ló ń jẹ Kẹ́hìndé nínú. Bí ọ̀kan ṣe ń wú ni èkejì ń gbẹ, ta ni kò rí i? Wọ́n ti gbìyànjú ti ààfáà tẹ́lẹ̀. Ó kọ hàńtú láti inú Kùránì sí pátákó wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó fi oyin sí omi rẹ̀. Táyé mu ún tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, ààfáà, ẹ tún kọ òmíràn." Nítorí náà, wọ́n ní ti èyí ju hàńtú lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n pinnu: Kẹ́hìndé á bá ìyá àgbà rẹ̀ lọ sí Àgbóyì. Bó bá sanra níbẹ̀ láìsí Táyé nítòsí, ó ti hàn. Wọn á mú Táyé lọ bá ọkùnrin kan lódì kejì ọ̀sà, tó ń de irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ òpó, tó ń fi ebi lé ohun tó wà nínú wọn jáde.

Táyé tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun ni wọ́n fẹ́ dè mọ́ òpó.

Mo sọ fún ọkọ mi pé bí wọ́n bá mú Táyé lọ, n kò ní sí nílé tí wọn ó padà bá. Ó kàn gbé ayùn rẹ̀, ó lọ rẹ́ pákó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

Gbogbo àkókò òjò yẹn ni Kẹ́hìndé fi wà ní Àgbóyì. Ẹ gbọ́ àdúrà tí mò ń gbà, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ìyá kankan ti gba irú rẹ̀ rí: Ọlọ́run, jẹ́ kí ọmọ mi gbádùn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó sanra. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Àgbóyì wá ta ẹja, mo máa ń sá lọ bá a. "Báwo ni Kẹ́hìndé?" "Ó wà dáadáa." "Ṣé ó sanra?" Wọn á rò pé mo fẹ́ kó sanra, wọn á pa irọ́ fún mi láti fi tù mí nínú. "Ó ti ń kún o!" Ọkàn mi á já sílẹ̀. Nílé, mo ń fún Táyé ní ohun tí dókítà wí, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún. Ó sì tóbi síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí Kẹ́hìndé nílé tí wọ́n ní ó ń jẹ nínú.

Nígbà tí òjò dá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi àti Táyé, a lọ sí Àgbóyì. Eyínmẹ́nugún bá wa lọ kó lè rí ẹ̀rí rẹ̀. Kẹ́hìndé sáré pàdé wa létí omi. Irun rẹ̀ ti dúdú padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́, ó ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìwakọ̀! Mo gbé e sókè, mo ń jó. Eyínmẹ́nugún dì í lápá mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri bí ẹni tó ń wá ibi tó fi ọ̀rá náà pamọ́ sí.

Ìyá Àgbóyì jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ti sú wọn. "Mo fi ẹja àrọ̀ bọ́ ọ. Mo fi ẹyin bọ́ ọ. Mo gbé e lé itan, mo rọ ọ́ bí ọmọ ọwọ́, ó pọ̀ ọ́ sí mi lára. Bó bá ti yó, ó yó. Ọmọ kí nìyí?"

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí i báyìí pé Táyé kò sí níbí lákòókò òjò tó ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ kò sanra?"

Ibẹ̀ la wà tí Eyínmẹ́nugún fi figbe ta lẹ́yìn ilé. "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ohun tí mo sọ!"

A sáré débẹ̀. Táyé jókòó sáàárín àwọn ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ó ti tú ẹnu wọn. Ìjẹ tí wọ́n fi sínú wọn fún ẹja, àgbọn sísun àti ẹ̀gẹ́ tó ti kan, ló ń kó jẹ. Ẹnu rẹ̀ dọ̀tí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ṣé èèyàn nìyí?" Eyínmẹ́nugún ní. "Ìjẹ ẹja! Ìyá, ẹ jẹ́ ká mú un lọ lónìí."

Mo bọ́ sáàárín wọn. Ọwọ́ mi ti wà lókè, ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ọmọ yẹn ni ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbóyì kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n rọra tẹ ara wọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, gbogbo ara yẹn. Wọ́n mú àgbọn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gẹ́ tó kan yẹn máa ń ta ọ̀fun," wọ́n sọ fún un. "Àgbọn ló dára jù."

Wọ́n fi ìró wọn nu ẹnu rẹ̀.

"Bàbá mi nà mí nítorí ìjẹ títí ara mi fi bó," wọ́n ní. "Ajẹ-ìjẹ ni àwọn ọmọdé fi ń kọrin mọ́ mi létí omi yìí. Àbúrò mi Ràbí náà rí bẹ́ẹ̀. Òun tún jù mí lọ. Ó máa ń hanrun lójókòó. Lọ́jọ́ kan, ó sùn lórí àpótí pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́, kò jí."

Eyínmẹ́nugún ní, "Ìyá, ẹ kò sọ fún wa rí pé ẹ ní àbúrò."

"Kí ni n bá sọ? Pé oúnjẹ ló pa á?" Wọ́n wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá ọkọ mi wò mí láìsí ìjà lójú wọn. "Ìyá Ìbejì, títí di òní yìí, n kò yó rí. Mo kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde nídìí oúnjẹ ni."

Mo fẹ́ bú wọn. Ẹ má rò pé mo jẹ́ ẹni ire. Ọdún mélòó ni mo fi jẹ̀bi ohun tí wọ́n mọ̀! Ṣùgbọ́n Táyé ti gbé orí lé itan wọn, n kò rí ibi tí mo lè gbà bú wọn láìbú u.

Wọ́n bá wa padà sí Kétu, wọn kò tíì padà lọ gbé Àgbóyì. Wọ́n ń kọ́ Táyé: ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti omi ẹja kọ́kọ́, kí òkèlè tó dé. Bí abọ́ bá ti tán, dìde, fi pákò sẹ́nu, rìn lọ sí Ìkòsí kí o sì padà. Wọ́n jọ ń rìn ín ni, ìyá àgbà àti ọmọ, ilẹ̀ ń mì. Bí Táyé bá béèrè pé, "Ṣé ó tán ni?" Ìyá á ní, "Kò tán. Ó tó." Ẹni tó bá kọjá ní ìsọ̀ mi tó fẹ́ fi àkàrà lé Táyé lọ́wọ́, Ìyá á fi ọ̀pá nà án ní ọrùn ọwọ́.

Kì í ṣe pé ó ti san o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú rẹ̀ ń san pátápátá fẹ́ ta nǹkan fún yín ni. Táyé ṣì tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ebi ṣì ń pa á, ó ṣì ń jí oúnjẹ. Lánàá òde yìí, ó jẹ iyọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní àgbá epo, ó ní kí wọ́n wá yí òun bí wọ́n bá lágbára. Ẹnu mi ni òun náà bù, ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sílé ìwé náà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, èémí rẹ̀ kì í dúró lójú oorun mọ́. Kẹ́hìndé ń jẹ díẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rọ ọ́, kò sì tún dùbúlẹ̀ àìsàn mọ́. Eyínmẹ́nugún bí ọmọ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà sanra. Ó wá bi mí ní jẹ́jẹ́ pé kí lòun máa ṣe. Mo sọ fún un. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó jókòó pẹ́ díẹ̀ ná.

Nígbà tí a ti Àgbóyì dé, Ìyá wọ inú ìsọ̀ mi, wọ́n tú páálí. Nínú abọ́ kékeré olódòdó pupa méjì, wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n ní, "Èyí ni ti Táyé. Kẹ́hìndé á máa lo ńlá rẹ̀ lọ, kò ní jẹ ẹ́ tán náà." Mo ní, "Ìyá, ìbejì ńkọ́? Bí ọ̀kan bá bínú?" Wọ́n ní, "Èmi ni yóò bá wí."

Abọ́ kejì di opó nínú ìsọ̀ mi. Ìyá ìbejì kan kò rà á, ìyàwó ilé kan kò rà á. Àpọ́n tí mo lé lọ nígbà kan ló padà wá.

"Ìyá Ìbejì, n kò tíì rí ìyàwó fẹ́ o."

Mo ní, "Ẹni bíi tìẹ rèé nínú páálí. Ṣílè kan, gbé e lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Táyé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pákò lẹ́nu, ó ń wò ó bó ṣe ń gbé e lọ. Ṣílè méjì àti sísì ni mo ra méjèèjì. Tọ́rọ́ ni mo pàdánù lórí èyí tí mo tà.